Ṣé kí n fọwọ́ ara mi kàn án?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí ní Ṣàgámù, mo sì ń tajà. Ó wù mí kí n fọwọ́ ara mi kan pẹpẹ bàtà fáwọn ọmọ mi, àmọ́ wọ́n ní kí n lọ rà á, pé mi ò ráyè. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kàn án, àbúrò mi! Èmi náà bímọ, mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn tó lálẹ́. Síbẹ̀, pẹpẹ ìwé tí mo kàn mọ́ ògiri wa dùn mọ́ mi ju àga olówó ńlá tí mo rà lọ. Àkọ́bí mi ló di pákó mú, àbúrò rẹ̀ ń na ìṣó sí mi. Bí àlejò bá dé báyìí, àwọn ọmọ mi á ní, “Àwa la ṣe é!” Ta ló ń ta ìyẹn lọ́jà?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gé pákó náà níbi tẹ́ ẹ ti rà á. Pákó gígé ni àkókò ń lọ sí jù. Kẹ́ ẹ tó kan ìṣó, ẹ dorí rẹ̀ kodò lórí òkúta, kẹ́ ẹ fi òòlù rọra lu ẹnu rẹ̀ kó kú díẹ̀. Ìṣó tẹ́nu rẹ̀ mú ṣóṣó ló sábà máa ń la pákó. Ẹ má sì kàn án sún mọ́ etí jù. Ẹ fi bébà káfíńtà ha gbogbo ara rẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀gún igi má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀dà ló kù, àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yan àwọ̀.