Ìwé Énọ́kù àti "Ìwé Kẹfà Mósè" Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá Kan Náà

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ra ìwé méjì nínú mọ́tò tó ń ti Ìlọrin bọ̀. Ọ̀kan ni Ìwé Énọ́kù, èkejì ni Ìwé Kẹfà àti Ìkeje Mósè. Ó ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì ní Nísíà ni àwọn òyìnbó ti yọ wọ́n kúrò nínú Bíbélì, kí agbára má baà tẹ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Ní báyìí, ó ń tan àbẹ́là lóru, ó ń pe orúkọ tí mi ò gbọ́ rí. Onítẹ̀bọmi ni wá. Ṣé kí n dáná sun wọ́n? Ṣé ìwé Tóbítì tí aládùúgbò wa tó jẹ́ Kátólíìkì ń kà náà wà lára wọn? Ìyá Fẹ́mi, Ìsàlẹ̀-Afọ̀n, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Fẹ́mi, ẹ má tíì ṣáná sí nǹkan kan. Ẹni tó ta ìwé méjèèjì pọ̀ fún ọmọ yín ló da ògidì pọ̀ mọ́ ayédèrú.

Ti Énọ́kù kọ́kọ́ ná. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Júúdà, ẹsẹ 14. Ó dárúkọ Énọ́kù, ẹni keje láti ọ̀dọ̀ Ádámù, ó sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà ní orí kìíní Ìwé Énọ́kù. Inú ìwé náà ni ìtàn àwọn áńgẹ́lì igba wà, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Hérmónì, tí wọ́n fi ọmọ ènìyàn ṣaya, tí wọ́n sì bí òmìrán. Gẹ́nẹ́sísì orí 6 kàn fẹnu bà á ni. Ásásélì, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń rọ idà, tó kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń lé tìróò. (Kí Fẹ́mi má fi ìyẹn bá ọmọbìnrin kankan jà o.)

Ta ló wá pa ìwé yìí mọ́? Aláwọ̀ dúdú ni! Ìjọ Etiópíà kò fìgbà kan yọ ọ́. Ó wà nínú Bíbélì wọn, tó jẹ́ ìwé 81, nígbà tí tiwa jẹ́ 66. Ọwọ́ òyìnbó ni odindi rẹ̀ ti sọnù, títí James Bruce, ará Scotland, fi kó ẹ̀dà rẹ̀ bọ̀ láti Etiópíà ní 1773. Nígbà tí wọ́n sì wá ń hú ìwé àtijọ́ jáde nínú ihò àpáta Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú, láti 1947, wọ́n rí àjákù rẹ̀ níbẹ̀ ní èdè Árámáíkì. Ó ti wà kí wọ́n tó bí Jésù.

Ìpàdé Nísíà, ní 325, ọ̀rọ̀ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Áríọ́ọ̀sì ni wọ́n torí rẹ̀ pàdé: ṣé dídá ni Ọlọ́run dá Jésù Ọmọ rẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Wọ́n tún sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí wọ́n á máa ṣe ọdún Àjíǹde. Wọn ò to ìwé Bíbélì kankan níbẹ̀. Ní 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, to ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun sínú lẹ́tà bí a ṣe mọ̀ wọ́n lónìí. Kíkà ni wọ́n sì fi ń dán ìwé wò. Ní nǹkan bí ọdún 200, Serapion, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, gba ìjọ kan láyè kí wọ́n máa ka ìhìnrere tí wọ́n fi orúkọ Pétérù sí. Lẹ́yìn náà ló wá yá ẹ̀dà kan, ó kà á fínnífínní, ó ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àdàlù wà nínú rẹ̀, òun sì ń bọ̀ wá bá wọn sọ ọ́.

Ṣé ẹ wá rí "Ìwé Kẹfà àti Ìkeje Mósè" yẹn, ọmọ àná ni. Stuttgart, ní Jámánì, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849. Ọwọ́ Johann Scheible, òǹtẹ̀wé, ló ti wá. Ní 1880 ó di èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló gbà dọ́dọ̀ wa. Báwo ni ìpàdé 325 ṣe fẹ́ yọ ìwé 1849? Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òǹtẹ̀ róbótó-róbótó àti orúkọ ẹ̀mí tí wọ́n ní ká máa pè. Òyìnbó tí ọmọ yín ní ó gbé agbára pamọ́ gan-an ló ń tà á.

Ẹ má sun ún. Tí ẹ bá sun ún, á gbà pé ó lágbára lóòótọ́ ni, á sì ra òmíràn. Ẹ pè é jókòó, ẹ ní kó wá ibi tí Júù tàbí ìjọ ìgbàanì kankan ti dárúkọ ìwé náà hàn yín. Àbẹ́là ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kíá, torí fóòmù tó ń sùn lé. Énọ́kù, ẹ jẹ́ kó máa kà á, kí ẹ̀yin náà bá a kà á.

Ti Tóbítì yàtọ̀. Ó wà nínú ìwé 73 tí Kátólíìkì ní. Àwọn Àjọ Bíbélì ní London pinnu ní 1826 pé àwọn ò ní náwó sórí títẹ irú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló tẹ Bíbélì tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tó pé ní 1884. Ìdí nìyẹn tí kò fi dé ọwọ́ wa. Ẹ yá ti aládùúgbò yín. Ó dùn ún kà, pàápàá ibi tí wọ́n ti fi òróǹro ẹja la ojú bàbá tí ológoṣẹ́ ṣu sí lójú.