Fíìmù Tán, Ó Ku Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, èmi àti ọmọ mi wo The Count of Monte Cristo tí àwọn Faransé ṣe ní 2024. Ṣé ó yẹ kí n tún ra ìwé rẹ̀ fún un? – Ìyá kan, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ẹ rà á, mà. Ìjà idà inú fíìmù náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí Alexandre Dumas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1844 ju ohun tí fíìmù lè gbé lọ. Ọdún 14 ni Dantès, akọni ìtàn náà, lò lẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ni àlùfáà Faria, tó ń gbẹ́ ihò láti sá lọ, ti ṣìnà já sí yàrá rẹ̀, tó sì kọ́ ọ ní ìṣirò, ìtàn àti èdè. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù.