Kí ló dé tí àmì Yorùbá fi dàrú lórí WordPress mi lẹ́yìn tí mo kó sáìtì lọ sí hosting tuntun?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń hàn dáadáa, torí pé oríṣiríṣi ni àrùn yìí.

Bó bá jẹ́ "áº¹" lẹ ń rí níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, tàbí "á¹£" níbi tó yẹ kí ṣ wà, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kò tíì sọnù. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8 (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè) fi ń tọ́jú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Latin1, ìlànà àtijọ́ tí kò mọ ẹ àti ṣ, ló wá ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan bí lẹ́tà tó dá dúró. Ẹ ṣí fáìlì wp-config.php, kí ẹ wá ìlà DB_CHARSET. utf8mb4 (ìyẹn UTF-8 lọ́dọ̀ dátábéèsì, ibi tí WordPress ń kó ọ̀rọ̀ yín sí) ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òun ni WordPress ń lò láti ẹ̀dà 4.2, lọ́dún 2015. Ẹ ṣe ẹ̀dà dátábéèsì pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun o!

Àmọ́ bó bá jẹ́ "?" ló wà nínú dátábéèsì fúnra rẹ̀, lẹ́tà yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí plugin tó lè dá a padà. Ẹ padà sórí hosting àtijọ́ (ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà kéèyàn tètè ti àkáǹtì rẹ̀ pa), kí ẹ tún gbé dátábéèsì náà jáde pẹ̀lú àṣẹ yìí: mysqldump --default-character-set=utf8mb4.

Bó bá sì jẹ́ àpótí kékeré òfìfo ni, fọ́ǹtì ni. Ẹ lo Noto Sans.