Ìwé CAC kì í ṣe ìwé àṣẹ láti gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú

ÌBÉÈRÈ: Àlàájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke ni mo ń gbé. Àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin máa ń gbé ọmọ wá sílé mi láàárọ̀, ọmọ 14 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èmi àti ọmọ àbúrò mi tó ń dúró de JAMB la jọ ń mójú tó wọn. Mo ti gba ìwé CAC, ti àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ẹni tó bá mi gbà á sọ pé láísẹ́ǹsì kíréèṣì ti wà nínú rẹ̀, pé kò sí ẹni tó tún lè bi mí léèrè nǹkan kan. Ó wá ku sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná. Irú èwo ni kí n rà? — Ìyá Àwáwù

ÌDÁHÙN: Ìyá Àwáwù, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ sílíńdà ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ní sùúrù. Irọ́ tí wọ́n pa fún yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ kọ irú ìwé yìí sí mi. Obìnrin kan kọ̀wé láti Ọ̀fà, òmíràn kọ̀wé láti Òmù-Àrán, orin kan náà ni wọ́n ń kọ: "Àlàájì, mo ti ní CAC." Ó ti ń sú mi.

CAC kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú. Orúkọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ rántí bí ẹ ṣe gba ìwé yẹn: orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n béèrè orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, orúkọ tí ẹ fẹ́ kí òwò náà máa jẹ́ àti irú òwò tí ẹ fẹ́ ṣe. Ta ló wá wo pálọ̀ yín? Ta ló bi yín bóyá kànga wà lẹ́yìnkùlé, bóyá ó sì ní ìdérí? Ta ló ka àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní? Ẹni tí kò dé ilé yín rí, báwo ló ṣe máa jẹ́rìí pé ilé náà dára fún ọmọ?

Ẹ wo àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà. Wọ́n lè ní CAC, kó wà nínú férémù. Ṣé ẹ máa ra omi wọn fún ọmọ yín tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá? Ẹ kò ní rà á. Omi inú ọ̀rá lásán lẹ yẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ o.

Èyí tí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ yín kì í sì í sọ ni pé, tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán lẹ fi sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣe, orúkọ yẹn kò dá dúró lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin àti òun, ẹnì kan náà ni. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n máa pè, ohun tó jẹ́ tiyín ni wọ́n sì máa fi san gbèsè. Àwọn kan máa ń ní kí òbí fọwọ́ sí ìwé pé "ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kò kàn mí." Ẹ má gbójú lé ìwé yẹn. Ní Kwara níbí, Penal Code la fi ń ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn, ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá sì fa ikú ọmọ ti ṣẹ ìjọba, kódà bí òbí bá ní òun ti forí jì í. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọlọ́pàá, ẹ wá agbẹjọ́rò lọ, ẹ má wá mi.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé kan wà níbí tí n kò lè gbàgbé. N kò ní sọ àdúgbò. Ọ̀sán gangan ni. A kanlẹ̀kùn, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ló dá wa lóhùn láti inú. Ilẹ̀kùn onírin ló wà lẹ́nu pálọ̀, àgádágodo ńlá kan ló wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì màdáámù, màdáámù sì wà lọ́jà Ìpàtà. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lórí ẹní lẹ́yìn ọmọbìnrin yìí, àwọn kan ń sùn, ọ̀kan ń jẹ etí ẹní. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

Mo ní kó ṣílẹ̀kùn, ó ní òun ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ. Ojú ọmọ náà tàn! Ó sáré lọ yọ férémù kan lára ògiri, ó fẹ́ nà án sí mi láàárín irin, férémù náà kò gba ibẹ̀ kọjá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó sú u, ó gbé e mọ́ àyà kí n lè kà á láti ìta. CAC ni.

Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ yí ẹ̀yìn lọ pa jẹnẹrétọ̀. A dúró nínú oòrùn títí màdáámù fi dé pẹ̀lú tòmátì àti ata rẹ̀. Ó bínú sí wa pé a dójú ti òun lójú àwọn aládùúgbò. Kò sí ọmọ tó kú níbẹ̀, alhamdulillah. Ṣùgbọ́n gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó bá sì mú un lójú oorun lè má jí mọ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí ilé yín kò bá ní àyè tó bẹ́ẹ̀, ẹ lo fáànù oníbátìrì. Ní ti àgádágodo, n kò ní kí ẹ fi ilé sílẹ̀ fún olè. Kí kọ́kọ́rọ́ ṣáà wà lórí ìṣó kan nínú ilé, níbi tí àgbà lè nawọ́ mú un lókùnkùn tí ọmọdé kò sì lè dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Kwara náà ti sọ di òfin tirẹ̀, mẹ́nu ba irú iṣẹ́ yín gan-an: ẹni tó ń gbowó tọ́jú ọmọ kékeré nínú ilé ara rẹ̀. Kò sọ pé torí pé pálọ̀ yín ni, ó ti di ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba sì lágbára láti wá wo ilé náà. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sí nínú èyí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé "ìyá mi ńkọ́?"

Ibi tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ni ọ́fíìsì wẹ́fíà ti ìjọba ìpínlẹ̀. Kí ẹ ṣàlàyé fún wọn pé inú ilé lẹ ti ń ṣe é, kí ẹ sọ iye ọmọ. Tí ẹ bá ti ń kọ́ wọn ní ABC, tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ di jẹ́lé-ó-sinmi, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlọrin, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Fufu, lẹ̀yin ará Tanke wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn wolé-wolé ibẹ̀ ni kí ẹ ní kó wá wo ṣáláńgá, omi àti ìdáná. Ẹ pe panápaná náà. Lánlọ́ọ̀dù ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ 14 ló wà nínú fúláàtì rẹ̀? Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Iye owó àti fọ́ọ̀mù máa ń yí padà, nítorí náà ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba fún owó tí ẹ bá san. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, pé òun máa "bá yín rìn ín", ẹ bá tiyín lọ.

Iye ọmọ náà ń kọ mí lóminú. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti 2013 sọ pé ní kíréèṣì, olùtọ́jú kan kò gbọdọ̀ mójú tó ju ọmọ 10 lọ. Ọmọ 14 ló wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò yín bá lọ ṣe JAMB, ta ló kù? Èmi ò tilẹ̀ fara mọ́ ọmọ 10 fún ẹnì kan tí wọn ò bá tíì máa rìn. Ẹ dán an wò lọ́la: ẹ gbé ọmọ kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, kí ẹ wá gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ yín. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹ máa pààrà kí gbogbo wọn tó dé ìta. Ẹ wá àgbàlagbà kejì, tàbí kí ẹ dín ọmọ kù. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀rọ̀ dídùn láti fi bò ó.

Omi tó wà nínú bókẹ́ẹ̀tì tó láti pa ọmọ tó ń rá, ẹ dà á nù tí ẹ bá ti fọṣọ tán. Ẹ má fi kẹrosíìnì sínú ike Fanta láéláé. Ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ́ ọmọ ọwọ́ lé tó bá fẹ́ sùn, kí pírọ̀ má sí níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà káàdì àjẹsára ọmọ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù òbí méjèèjì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn kan ń fún ọmọ ní omi òògùn ikọ́ tàbí ti ara yíyún kí ó lè sùn, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Promethazine wà nínú àwọn kan lára wọn. Ó lè dá èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró. Ẹ ò gbọdọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ní òògùn kankan tí òbí rẹ̀ kò gbé wá, tí kò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí ọmọ bá ń sunkún, ẹ pọ̀n ọ́n.

Ó wá kan sílíńdà. Ẹ ra oníyẹ̀fun, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní DCP. Kí ẹ rí lẹ́tà A, B àti C lára rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ sì wà lórí àwọ̀ ewé. Ti kílò 6 dára fún ilé. Ẹ má gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì ìdáná, torí ibẹ̀ gan-an ni iná ti lè sọ tí ẹ kò sì ní lè dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde ni kó wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ọmọ àbúrò yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, kó gbé e sókè. Tí kò bá lè gbé e, ẹ ra ti kílò 2 kun ún.