Èsì: Ṣé kẹ́míìsì lè sọ ọmọ yín di apoògùn?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ bèèrè bóyá iṣẹ́ kẹ́míìsì tí ọmọ yín ń kọ́ n'Ìkẹ́rẹ́ lè sọ ọ́ di apoògùn (pharmacist). Rárá, mà. Ìwé àṣẹ kẹ́míìsì lọ́tọ̀, ti apoògùn lọ́tọ̀.

Kó tẹra mọ́ Kẹ́mísìrì, Bàyọ́lọ́jì àti Físíìsì. Àwọn yẹn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ṣe JAMB. Yunifásítì OAU n'Ífẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn, kò sì jìnnà sí wa. Yunifásítì ABUAD l'Adó náà ń kọ́ ọ, àmọ́ ẹ wádìí owó rẹ̀ dáadáa. Ọdún 5 ni oyè apoògùn tí wọ́n ń pè ní B.Pharm, ọdún 6 ni oyè Pharm.D, lẹ́yìn náà ni ọdún kan ìkọ́ṣẹ́, kó tó lọ sin ìlú.

Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan kó páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì sórí káńtà mi, orúkọ wọn ò jọra. Mo yí ẹ̀yìn wọn padà: amlodipine ni méjèèjì, oògùn kan náà ni! Màmá ti ń lò wọ́n pọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe dókítà wọn.

Tí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ jẹ́ kó wá jókòó tì mí l'Adó fún ọjọ́ mélòó kan.