Ṣé adé ni ohun ṣóńṣó tí wọ́n fi owó ẹyọ bò yìí?

Ẹ béèrè bóyá adé ni ohun ṣóńṣó tí owó ẹyọ bò látòkè délẹ̀ tí ẹ rí ní mùsíọ́mù. Rárá o, bó tilẹ̀ fi adé jọ. Ilé orí là ń pè é. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìborí sí, ìyẹn àmì orí inú ẹni tó ni ín. Orí tí èèyàn yàn wá láti ọ̀run là ń wí, kì í ṣe èyí tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ó ní owó ẹyọ 41 tí wọ́n sín pọ̀ bí adé ni ìborí inú rẹ̀. Ilé tó bò ó sì ń tóbi bí agbára ẹni tó ni ín bá ṣe tó. Òmíràn ń gba owó ẹyọ 12,000. Láyé ìgbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, oníṣẹ́ awọ ló sábà ń ṣe é, iye owó ẹyọ tó bá sì lò sí i lára náà ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 12,000 lára ilé, 12,000 mìíràn lọ́wọ́ oníṣẹ́! Kì í ṣe ohun tí tálákà ń dán wò.

Ní tèmi, ìrísí adé yẹ ẹ́, torí orí lọba ara.

Láyé ìgbà náà, wọn kì í jogún rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá kú, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì ná owó ẹyọ náà.