Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra wíìlì kábọ́ọ̀nù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ eré-ìje láti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Ká tó dé Awóyáyà, wọ́n á ti já mi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní wíìlì mi ló wúwo, kí n ra ti kábọ́ọ̀nù. Owó ẹ̀ ju ti odindi kẹ̀kẹ́ mi lọ! Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? — Òǹkàwé yín, Lẹ́kkí

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wàá yá díẹ̀ sí i, àmọ́ kì í ṣe torí pé ó fúyẹ́. Òkè wo ló wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́? Ẹni tó ń gun òkè ni ìwúwo ń dà láàmú. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, tí eré bá ti kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ lò ń bá jà, ara rẹ gan-an ló sì ń kọlù jù, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Wo Chris Boardman, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1996, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ lórí kẹ̀kẹ́, ó sì rin kìlómítà 56.375 ní wákàtí kan. Àjọ UCI, tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fòfin de ìjókòó yẹn. Ní 2000, ó gun irú kẹ̀kẹ́ tí Eddy Merckx, ará Bẹ́ljíọ̀mù, lò ní 1972, láìna ọwọ́ bẹ́ẹ̀: kìlómítà 49.441 péré! Mítà mẹ́wàá ló fi ju Merckx lọ. Lóòótọ́, ó ti fi ọdún mẹ́rin dàgbà sí i, àmọ́ ṣé ọjọ́ orí nìkan ló jẹ kìlómítà méje?

Nítorí náà, ẹ̀wù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ yẹn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ra èyí tó fún mọ́ra. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìgbúnwọ́, kí o rẹ orí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, táyà. Èyí tó dáa, tó rọ̀, kò wọ́n tó wíìlì rárá, ìyàtọ̀ ẹ̀ sì hàn. Má sì jẹ́ kí fọganáísà fẹ́ ẹ títí á fi le gbagidi. Lójú ọ̀nà wa tó rí gbágungbàgun yìí, ńṣe ni táyà líle ń ta èèyàn sókè dípò síwájú. Nu ṣéènì rẹ náà, yanrìn ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibo lo tiẹ̀ máa ń wà láàárín àwọn tí ẹ jọ ń gùn ún? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́, abájọ. Wọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ, kó máa bá ọ gba afẹ́fẹ́. Agbára tí wàá fi pamọ́ níbẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bí owó bá ṣì ń yún ọ lápò lẹ́yìn èyí, rà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ríìmù, ìyẹn etí wíìlì, ni bíréèkì rẹ ń fún, mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù kì í tètè dúró nínú òjò, páàdì tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bi ẹni tó ń tà á kí o tó sanwó.